Ẹni Tó Ń Hun Asẹ́ Lójú Ọ̀nà Ọlá

Mo ti sìnrú ìlú tán, mo sì ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, kí ilé-iṣẹ́ gàrí kan ní Èjìgbò tó pè mí pé kí n wá kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi kì í ṣe gàrí yíyan. Iṣẹ́ ìrajà ni: bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń mọ ohun tó nílò, ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ti rà á, bí yóò ṣe dé lásìkò, àti ohun tí a óò ṣe bí kò bá dé. Wọ́n ní ọdún méjì ni, àti pé bí mo bá ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n á gbà mí síṣẹ́. Bàbá mi béèrè pé ta ló ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ sọ́jà. Màmá mi ní kó fi mí sílẹ̀, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ sọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n lọ.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́ jẹ́ Alhaja kan tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Àbíjàn. Bíró ló ń pe ọ́fíìsì wa, bí gbogbo àwọn tó ti ọ̀hún dé ṣe ń pè é, bí àwọn tó ń já ẹrù bá sì ń ju àpò gàrí bí ẹni ju òkúta, á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Dúsùmáà," ìyẹn ni pé kí wọ́n rọra. Kì í pariwo. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ní kí n máa ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ sí méjì kí n sì máa gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí ẹ̀gẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í dún bí èyí tí wọ́n wú láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú mi lọ sí Ara, ó mú mi lọ sí Màsífà, a ń wọ oko, a ń wọ ilé, à ń kí àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún wa. Ó fẹ́ kí n mọ ibi tí kànga wọn wà, kí n mọ bí ọ̀nà oko wọn ṣe ń rí nígbà òjò. Òfin kan ló gbé lé mi lọ́wọ́: "Ẹni tí o ò bá rí ilé rẹ̀, má ra ọjà rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo tó mọ̀ pé ẹnì kan wà tí òfin yẹn kò kàn.

A ti kó ẹ̀gẹ́ ní Ọlá, èmi àti dírẹ́bà ilé-iṣẹ́, à ń padà bọ̀, nígbà tó dín eré kù níbi kan tí kò sí ilé, tí kò sí oko, àfi àwọn igi kajú àtijọ́ tí àwọn tó gbìn wọ́n ti pa tì. Ọ̀sán gangan ni. Ó pa ọkọ̀. Mo wá gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Lábẹ́ igi kajú tó sún mọ́ títì jù, asẹ́ mẹ́wàá so rọ̀ sára ẹ̀ka, irú asẹ́ pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin fi ń jọ gàrí. Wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú okùn wọn, bẹ́ẹ̀ ewé kan kò mì lórí igi. Nídìí igi náà, ẹnì kan to òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sórí ìlà kan, tí ọ̀kan kò yà ju èkejì lọ.

Dírẹ́bà ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ kó wọn. Mo bi í pé òun ńkọ́. Ó ní òun kì í sọ̀ níbẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, ó ti wa ọkọ̀ dé Kotonu àti Lomé, mi ò sì rí i kó bẹ̀rù nǹkan kan rí. Ó júwe fún mi láti orí àga rẹ̀: kí n gbé àpò gàrí kan àti gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì kan sídìí igi, kí n tú asẹ́, kí n sì fi òkúta tó iye asẹ́ tí a bá ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń tú asẹ́ kẹwàá, ẹ̀yìn ọrùn mi tutù, bí ẹni pé ẹnì kan mí sí i. Mo bojú wẹ̀yìn. Koríko nìkan ni mo rí, ó ga ju mí lọ.

Ìyá ìyá mi ti sọ fún mi rí pé láyé àtijọ́, àwọn èèyàn máa ń pàtẹ ọjà sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á bá tiwọn lọ, òkúta ni yóò sọ iye rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa jí i. Ìtàn ni mo kà á sí. Mo bi Alhaja léèrè pé ta ló ń hun àwọn asẹ́ náà. Ó ní ọdún kẹfà rèé, dírẹ́bà ló kọ́kọ́ rí wọn níbẹ̀, wọ́n so wọ́n síbi tí ọkọ̀ wa kò ti lè ṣàì rí wọn. Òun yẹ ọ̀kan wò, kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo agbègbè Èjìgbò, òun sì ní kí wọ́n gbé gàrí síbẹ̀ dípò rẹ̀. Mo ní àmọ́ òun ló ní ẹni tí n kò bá rí ilé rẹ̀, kí n má ra ọjà rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó sì padà sínú ìwé tó ń kọ.

Báyìí ni àwọn asẹ́ yẹn ṣe di ara iṣẹ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń sọ̀ lábẹ́ igi kajú yẹn, kò sì sígbà kan tí òkúta àti asẹ́ kò bá ara wọn mu. Bí mo bá fi méjìlá sílẹ̀, méjìlá ni màá bá. Lọ́jọ́ kan, bí mo ti ń gbé wọn lọ sínú ọkọ̀, mo sọ fún ara mi pé ojú asẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí fẹ̀ díẹ̀, pé gàrí wa kò ní kúnná. Mi ò pariwo. Dírẹ́bà wà nínú ọkọ̀, ó ti gbé gíláàsì sókè. Nígbà tí a tún padà dé, gbogbo ojú asẹ́ ti kéré sí i, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ní ìgbà mìíràn, mo gbàgbé tépù tí mo fi ń wọn nǹkan síbẹ̀. Nígbà tí a padà, tépù náà so rọ̀ láàárín àwọn asẹ́, wọ́n ti ká a dáadáa, wọ́n sì fi ìko so ó. Kókó tí wọ́n ta sí i ṣàjèjì: ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá padà gba abẹ́ ara rẹ̀ wọlé. Irú kókó yẹn náà ló wà létí gbogbo asẹ́. Mi ò tú u. Mo fi tépù náà sínú dúrọ́ọ̀, mo lọ ra òmíràn.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà ní abà ìyangàrí tó jẹ́ pé òun ni olórí àwọn tó ń jọ gàrí. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bí àwọn asẹ́ tuntun bá ti dé, òun ló máa kọ́kọ́ yan tirẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan asẹ́ tí a bá rà níbòmíràn. Ọjọ́ kan ni mo jókòó tì í láti kọ iye asẹ́ tó ti gbó sílẹ̀. Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra etí asẹ́, níbi kókó yẹn gan-an, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo ní ó jọ pé wọ́n mọ iṣẹ́ ẹni tó hun ún.

Ó ní, "Ọwọ́ ọkọ mi nìyí."

Mo ní ṣé ọkọ wọn ló ń hun asẹ́ fún wa ni. Kò gbé ojú kúrò lára asẹ́.

"Ọkọ mi ti kú."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé òjò ti dá. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé òun àti ọkọ òun àkọ́kọ́ jọ gbé ní Àbíjàn. Òun ń ta àtíẹ́kẹ́, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rin tí wọ́n sì ń fi oru omi sè ní ọ̀hún, ọkọ òun sì ń hun asẹ́ tí òun fi ń jọ̀ ọ́. Nígbà tí ogun dé, wọ́n sá, wọ́n sọnù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tó dé lẹ́yìn sọ pé àwọn rí ọkọ̀ tó wọ̀, pé ó jóná, kò sì sẹ́ni tó jáde. Wọ́n kírun sí i lára láìsí òkú nílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹbí fẹ́ òun fún ọkùnrin mìíràn, òun sì ti bímọ fún un. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ rí kókó yẹn nínú ilé-iṣẹ́ yìí, òun rò pé ojú òun ni. Ó ní, "Mo ti wá gbà pé bí òkú bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kí n má dí i lọ́wọ́." Ó dìde, ó gbọn asẹ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí a bá dé ìdí igi kajú yẹn, màá ti ka Áyátùl-Kursiyyu, àdúrà ààbò inú Kùránì, tán kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Nígbà tí ó di ọdún kejì, ilé-iṣẹ́ àgbà l'Ékòó kọ̀wé. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kó nǹkan wá fún wa wọ inú kọ̀ǹpútà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ibi tó ń gbé, fọ́tò. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kí oṣù tó parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo kọ tàwọn àgbẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fọ́ọ̀mù kan ló ṣẹ́ kù. Mo gbé e síwájú Alhaja. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ nà án, ó sì ní iṣẹ́ tí mo wá kọ́ nìyẹn, kí n lọ kọ́ ọ.

Mo lọ. Dírẹ́bà ní òun yóò dúró dè mí fún wákàtí kan, pé bí n kò bá jáde, òun yóò lọ pe àwọn èèyàn ní Ọlá. Ẹ̀yìn igi kajú ni mo gbà wọ inú koríko, mo sì rí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí mo fi rí ògiri alámọ̀ tó ti wó, òmíràn tún wà níwájú rẹ̀, mo wá mọ̀ pé ahoro ni mo wọ̀, abúlé kan tí àwọn ará rẹ̀ ti kó kúrò kí wọ́n tó bí mi. Igi ti hù láàárín yàrá. Àdògán wà níbẹ̀ síbẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹni pé wọ́n ń retí ìkòkò. Mi ò gbọ́ ìró ẹyẹ kankan. Mo ń rìn, mo ń wo ọ̀kánkán, mo sì gbé ẹsẹ̀ láti sọdá koríko kan tó tẹ́ rẹrẹ.

"Dúsùmáà."

Ohùn náà ti ẹ̀yìn ògiri wá, kò lọ sókè. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

"Kànga wà níwájú rẹ. Kò ní ìdérí."

Mo fi ọwọ́ ya koríko náà. Ihò dúdú kan wà lábẹ́ rẹ̀, n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá wà. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà. Nígbà tí mo lè dìde, mo gba ẹ̀gbẹ́ yí ògiri náà ká.

Ọkùnrin kan jókòó lórí àpótí lábẹ́ òrùlé koríko, ó yí ẹ̀gbẹ́ kan sí mi. Ó ga, ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n là lára imọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀ wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró bí ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó béèrè bóyá asẹ́ kò dára ni. Mo ní ó dára. Ó ní kí ló wá gbé mi dé ibẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù fún un: orúkọ, fóònù, fọ́tò.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òkú kì í ní fóònù, ọmọ mi."

Mo ní Màmá ti sọ fún mi pé ọkọ̀ tó wọ̀ jóná. Ó ní lóòótọ́ ni òun wọ ọkọ̀ yẹn, àmọ́ òun sọ̀ kalẹ̀ kó tó jóná, nítorí pé àwọn tó dá wọn lọ́nà ní kí òun wá ru ẹrù. Wọ́n mú òun wọ inú igbó kòkó, ọ̀pọ̀ ọdún ni òun lò níbẹ̀ kí òun tó rí àyè sá. Nígbà tí òun dé Èjìgbò, ọ̀sán ni. Òun ń bọ̀ lẹ́bàá ògiri ilé bàbá òun, òun gbọ́ ohùn àwọn áfáà, òun sì dúró gbọ́. Fìdáù ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ òun ni wọ́n ń dá nínú àdúrà náà.

"Mo dúró lẹ́yìn ògiri," ó ní, "mo ń ṣe àmín sí àdúrà òkú ara mi. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyàwó mi jáde wá da omi nù. Ó pọn ọmọ."

Ó ní òun yí padà ni. Ahoro yìí ni abúlé àwọn bàbá ńlá ìyá òun, kò sì sẹ́ni tó ń yà síbẹ̀ mọ́. Òun ń rí i láti inú igbó nígbà mìíràn, bó bá wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wa kọjá lọ sí Ọlá láti bẹ àbúrò rẹ̀ wò, báyìí sì ni òun ṣe mọ ibi tó ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ìyàwó òun kò ní agbára mọ́, asẹ́ tó wúwo yóò máa dùn ún, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi so ti àkọ́kọ́ sétí títì. Ó wá yíjú sí mi. Ojú èèyàn lásán ni, ó rẹ̀ ẹ́.

"Má sọ pé o rí mi. Ó ní ọkọ nílé."

Mo jáde nínú koríko nígbà tí dírẹ́bà ti tan ọkọ̀ láti lọ pe èèyàn. Ní bíró, mo gbé fọ́ọ̀mù náà kalẹ̀ bó ṣe wà, òfìfo. Alhaja wò ó.

"O rí i?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Èèyàn ni?"

"Èèyàn ni, mà."

"Ó tó," ó ní. Kò bi mí ní orúkọ rẹ̀. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ kó tó rán mi. Ó kọ́ mi ní ohun tí mo ṣì ń lò lẹ́nu iṣẹ́ mi: bí àwọn tó ń ṣe nǹkan bá kéré tàbí tí wọ́n fara pamọ́, ẹgbẹ́ kan lè dúró fún wọn. Lọ́jọ́ kejì a lọ bá alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ọlá, ó gbà kí asẹ́ wọlé lórúkọ ẹgbẹ́, ó ya fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Èkó gbà á.

Iṣẹ́ ìrajà kò le mọ́ nígbà yẹn. Ohun tó le ni abà ìyangàrí. Mi ò lè wo ojú Màmá. Mò ń gba ibòmíràn kọjá, mò ń rán ẹlòmíràn lọ ka asẹ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó pàdé mi níbi ẹ̀rọ omi, ó sì dúró síwájú mi.

"Mo gbọ́ pé o lọ síbẹ̀."

Mo ní mo lọ, mà.

"Má dá mi lóhùn o. Bí o bá ní òkú ni, ẹkún mi á tún bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ní alààyè ni, ta ni èmi nínú ilé tí mo wà?"

Ó pọn omi rẹ̀, ó lọ. Ní ọ̀la rẹ̀ ó gbé asẹ́ kan wá fún mi ní bíró, èyí tí ojú rẹ̀ ti já láàárín. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe. A kì í tún asẹ́ ṣe nílé-iṣẹ́ wa. Bó bá gbó, iná ni wọ́n ń fi dá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sára igi kajú, mi ò sọ nǹkan kan, kódà nínú ara mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo bá a níbẹ̀. Ojú tó já ti padà, tuntun funfun láàárín àtijọ́ tí èéfín ti pọ́n. Nígbà tí mo fi fún Màmá, ó gbé e sí imú, ó pa ojú dé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn tó kù fi dákẹ́ nínú abà.

Lẹ́yìn náà, asẹ́ kan ń já ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ló ń já àwọn mìíràn nínú wọn. Mò ń gbé wọn lọ, mò ń gbé wọn bọ̀. Màmá tó bí mi sọ fún mi nílé pé mo ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ jù, bí ẹni tó ń kọjá ní itẹ́ òkú. Mo ní iṣẹ́ ló rẹ̀ mí.

Nígbà tí ọdún méjì pé, wọ́n gbà mí, wọ́n sì gbé mi lọ sí Òṣogbo. Mo padà wọ ahoro náà lẹ́ẹ̀kan láti dágbére, mo mọ ibi tí kànga wà báyìí. Ó ń hun asẹ́ bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ibi ire. Mo ti dìde kó tó béèrè ohun kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ mi rí.

"Ọmọ rẹ̀ mélòó?"

Mo ní mẹ́ta.

"Ó dára," ó ní, ó sì fa okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ le.

Mo ti lo oṣù mélòó kan ní Òṣogbo kí Alhaja tó pè mí. A sọ̀rọ̀ àpò, a sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ tó wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní ohun kan ṣẹlẹ̀. Màmá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà, ó sì ní kó sọ òun sílẹ̀ lábẹ́ igi kajú, pé òun fúnra òun ni yóò kó asẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí. Ó wọ inú koríko. Dírẹ́bà dúró, ó pẹ́ ju bó ṣe ń dúró dè mí lọ, ṣùgbọ́n kò lè lọ pe ẹnikẹ́ni, nítorí kò mọ ohun tí òun yóò sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá jáde, ó ru asẹ́ méjìlá, ó wọ ọkọ̀, wọ́n sì padà sí Èjìgbò. Ní ọ̀la rẹ̀ ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Mo bi Alhaja bóyá dírẹ́bà rí nǹkan kan. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló sọ pé òun rí: iyẹ̀pẹ̀ pupa lórí orúnkún Màmá méjèèjì.